Ọdún Bísọ́dún

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa Babájídé Adébùsóyè, kó má wulẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Kó gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹta iléeṣẹ́ ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká, Àkúrẹ́, kó yà sọ́wọ́ ọ̀tún, kó sì wo ilẹ̀kùn pákó kan tó ń dán. Ọ́fíìsì dáírẹ́kítọ̀ nìyẹn. Inú ọ́fíìsì náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kẹ́tùlù omi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ayé láti ìgbà ọ̀dọ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun, tó ń tò sẹ́yìn àwọn akọ̀wé kéékèèké àti àwọn àlejò tó wá wá fáìlì, yóò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá.

Igbákejì dáírẹ́kítọ̀ ni Babájídé. Ipò náà kò kéré, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ó ní ilé kan lójú ọ̀nà Ìjù tí kò jò. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Fìyìnfólúwa, ti kàwé jáde, ó sì ti ń jẹun ara rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mọ́tò rẹ̀ ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò tíì sùn sójú ọ̀nà rí. Àmọ́ ojú tó bá ti ń wo òkè kì í rí ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò ìgbéga, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló yege, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n sì gbé àga fún ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n gbé e fún lẹ́ẹ̀kejì ni Monílọ́lá, obìnrin tó jẹ́ pé Babájídé fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìjọba nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà jáde, Babájídé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú oríire, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú mọ́tò rẹ̀, ó yí gbogbo gíláàsì rẹ̀ sókè, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n já ẹran gbà lẹ́nu rẹ̀.

Wàyí o, àkókò ti lọ. Oṣù karùn-ún ọdún yìí ni yóò pé ọgọ́ta ọdún, òfin ìjọba sì ni pé ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta kó gbọ̀nà ilé. Iye ọdún tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́ kò tíì pé. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló fẹ́ lé e lọ. Àga dáírẹ́kítọ̀ kan yóò ṣófo kí ọdún tó parí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Babájídé bá ti lọ ni. Oṣù mélòó kan péré ló wà láàárín òun àti àga náà, oṣù mélòó kan yìí ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán.

Monílọ́lá pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀ nínú oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń mú. Kò jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́, ẹ má bínú sí mi. Àga kan ló máa ṣófo, àwọn tó ń wò ó sì pọ̀ ju ẹsẹ̀ àga lọ. Ká tiẹ̀ ní ó ṣì ku ọdún márùn-ún fún yín, n kò lè sọ pé ó dájú. Iṣẹ́ yín kò kéré. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ ètò ìfẹ̀yìntì yín, kí owó yín má baà há sọ́nà bíi ti àwọn kan."

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ ire, ẹnikẹ́ni tó bá létí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ìgbọ̀nsẹ̀ náà ṣí sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Babájídé sì rí báfù funfun kan àti ọṣẹ olóòórùn dídùn. Kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Ó dúpẹ́, ó jáde, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pé ọmọ àná ti ń lé òun kúrò níwájú ilé.

Nílé, ó sọ fún Agnes, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ bíbí Àkúrẹ́ ni Agnes, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, adìẹ ló ń sìn báyìí lẹ́yìn ilé. Ó tẹ́tí títí ọkọ rẹ̀ fi sọ̀rọ̀ tán.

"Bàbá Fìyìn," ó ní, "lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo sùn títí oòrùn fi là. Ulé ò wó. Kí ló kù tó o ń wá? A ń jẹ, a ń mu, ọmọ wa ń pè wá lórí fóònù. Ṣé o ò lè jẹ́ kó tó?"

"Kò yé ọ," ni Babájídé wí.

"Ó yé mi. Ìwọ ni kò yé."

Ohun tí kò yé Agnes, nítorí pé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni ọ̀rọ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó. Níbi ìkórè ọ̀hún, ẹni tó ń pe àwọn èèyàn jáde gbé ohùn sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká rí dáírẹ́kítọ̀ wa láti Àkúrẹ́!" Ìyá Babájídé tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló kọ́kọ́ dìde, ó ń jó. Kí ni ọmọ ìbá ṣe? Ó dìde, ó juwọ́, ó jó lọ síwájú. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé kí ìkórè mìíràn tó dé, irọ́ náà yóò ti di òtítọ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Òkèlísà, àdúgbò wọn, ti ń pè é ní Dáírẹ́kítọ̀, ìyá rẹ̀ sì ń gbààwẹ̀ lóòrèkóòrè kí Ọlọ́run má yí ipò náà padà. Ẹ wo irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó tọ́jú ohun tí kò tíì fún ọmọ rẹ̀.

Nínú ìrònú yìí ni Adélaní bá a. Adélaní ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ sí, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í gòkè, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

"Ọ̀gá," ó ní, "ọjọ́ orí kì í ṣe òkúta."

"Kí lo ní lọ́kàn?"

"Mélòó nínú àwọn ọ̀gá tó wà lókè yìí lẹ rò pé ọjọ́ orí ilé wọn bá ọjọ́ orí ọ́fíìsì wọn mu? Ẹ̀yin nìkan lẹ mú òótọ́ wọ iṣẹ́ ìjọba. Ẹ lọ mú Màmá wá sí kóòtù, kí wọ́n wá búra pé àṣìṣe ni ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bí ni nìkan ló mọ ọjọ́ tó bí ni. Ọdún méjì àti díẹ̀ péré, kò ní hàn sójú. Bí ìwé yẹn bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ọ́fíìsì tó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó kọ orúkọ àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, mo mọ ibi tí mo máa fi sí."

Babájídé mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí àṣírí bá tú, wọn kò ní fún un ní ìdúpẹ́, wọn kò ní fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Wọn yóò lé e jáde bí olè. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì tún mọ̀ pé ìyá òun kò purọ́ rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀, ó wọ mọ́tò, ó kọjá Ọ̀wẹnà, ó forí lé Oǹdó.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo pẹrẹsẹ kan lórí ẹsẹ̀. Màmá Kìtán ni àwọn aládùúgbò ń pè é, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì yá lára ẹ̀gúsí ju ti àwọn ọmọdé ilé lọ.

"Dáírẹ́kítọ̀ mi!" ó ní. "Ṣé kò sí o? Ọjọ́ iṣẹ́ lòní."

Babájídé dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ sì kì í ní oríkì. Lẹ́yìn èyí ni ó wá jókòó lórí àpótí, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní òun kì í ṣe dáírẹ́kítọ̀, òun kò jẹ ẹ́ rí. Ó sọ bí wọ́n ti rékọjá òun lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ti oṣù karùn-ún tó ń bọ̀, ó sọ ohun tí Adélaní sọ. Ìyá rẹ̀ kò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun kì í ṣe dáírẹ́kítọ̀, ó kàn ní, "Hùn," ó sì ju èèpo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìbúra yẹn, kí lo ní kí n sọ níbẹ̀?"

"Ẹ máa sọ pé 1968 lẹ bí mi, Màmá. Ìparí ọdún."

"Ìparí ọdún wo?"

"Kérésìmesì ìgbà ogun. Ọdún méjì àti díẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí ti òótọ́."

Ọwọ́ ìyá dúró. Ẹ̀gúsí kan wà láàárín ìka rẹ̀ méjì, kò bó o, kò sì jù ú sílẹ̀.

"Ọdún Bísọ́dún nìyẹn," ó ní.

Kì í ṣe pé Babájídé kò mọ̀ pé òun ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Bísọ́dún. Ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ti ń mọ̀ pé ilé kan wà níbì kan kí wọ́n tó la títì kọjá níbẹ̀. Bísọ́dún kú ní kékeré nígbà tí èéyi wọ àdúgbò. Wọ́n gbé Babájídé lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ó má baà ràn án, nígbà tó sì padà dé, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ náà mọ́ nínú ilé. Òun náà kò pè é mọ́. Láti ìgbà náà di òní olónìí.

"Màmá," ó ní, "kò sẹ́ni tó mọ̀ ní kóòtù. Wọn ò ní béèrè."

"Èmi ńkọ́? Èmi ò mọ̀? Ọmọ méjì kì í gba inú ìyá kan jáde nínú ọdún kan náà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹni tó bá ní ìtìjú ìbá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ, kò ní ṣàì nawọ́ gbá koríko mú. Babájídé ní, "Tí wọ́n bá tiẹ̀ béèrè, ẹ sọ pé ìbejì ni wá."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo àlejò tó yà sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Jídé," ó ní, ohùn Oǹdó rẹ̀ sì rọ̀ ju bó ti yẹ lọ, "ṣé o mọ ibi tí wọ́n sin ín sí?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. A kì í fi sàréè ọmọ han ìyá tó bí i. Àwọn ọkùnrin ilé ló gbé e jáde lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n wọ yàrá lọ, kí n má yọjú. Bàbá rẹ náà ò tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó gbé e lọ ti kú tán. Kò ya fọ́tò rí. A ti ní a máa mú un lọ nígbà ọdún. Aṣọ rẹ̀, wọ́n kó o lọ. Orúkọ rẹ̀, ẹ ò pè é. Ọdún yẹn nìkan ló kù fún mi. Bí Kérésìmesì bá ti dé, ẹ̀yin máa ń rò pé mo ń gbàdúrà tí ètè mi bá ń mì. Mo ń ka ọdún rẹ̀ ni. Mo ní, lónìí ìbá ti gbéyàwó. Lónìí ìbá ti máa ràn mí lọ́wọ́ lórí òrùlé yìí. Kérésì tó kọjá yìí, mo ní, orí tiẹ̀ náà ìbá ti máa funfun. Ìwọ wá ní kí n gba ọdún yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí n fún ọ."

Babájídé wo ilẹ̀. Ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà á ju ìtìjú lọ, ẹ̀rù náà ló sì sọ̀rọ̀. Ó kúrò lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ bí obìnrin, àgbà ọkùnrin tó fẹ́ẹ̀ pé ọgọ́ta.

"Màmá, bí wọ́n bá ní kí n lọ báyìí, mo ti kú nìyẹn. Ẹ gbọ́ mi? Mo ti kú. N kò ní lè wo ojú ẹnikẹ́ni nílùú yìí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ burúkú ni láti sọ fún ìyá tó ti sin ọmọ rí. Ìyá náà da ọwọ́ bo ẹnu ọmọ rẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Gbé ẹnu ẹ dákẹ́! Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Mo ti gbé ọ̀kan fún ilẹ̀." Ó nu èèpo náà kúrò ní irùngbọ̀n ọmọ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Màá búra."

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ó ti wọ aṣọ funfun tó fi ń gba oúnjẹ Olúwa, ó fi gèlè funfun lé e. Kò jẹun. Nínú mọ́tò, ó ní kí Babájídé kọ́ òun ní ohun tí òun máa sọ, kí òun má baà ṣì í sọ, kí wọ́n má baà mú ọmọ òun.

"Ẹ sọ pé, 'Èmi ni mo bí i, ìparí ọdún 1968 ni mo sì bí i.'"

"Èmi ni mo bí i, ìparí ọdún 1968 ni mo sì bí i."

"Tí wọ́n bá béèrè iye ọmọ yín, ẹ sọ pé mẹ́ta."

Wọ́n gun òkè kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

"Mẹ́ta," ni ìyá wí. "Kìtán, Babájídé, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀."

Ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, bí ọmọ iléèwé tó ń há ẹsẹ Bíbélì sórí. Wọ́n kọjá Ọ̀wẹnà, ó ṣì ń sọ ọ́. Kìtán, Babájídé, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá kúrò lórí orúkọ kejì, èémí rẹ̀ máa ń já díẹ̀ kó tó dórí ẹ̀kẹta, bí ẹni tó mọ̀ pé àtẹ̀gùn kan ti yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Babájídé gbọ́ ọ. Ó tan rédíò.

Ní kóòtù, nǹkan kò le rárá, èyí gan-an ló sì burú níbẹ̀. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kí Màmá tẹ̀ríbatẹ̀ríba, ó bá a wá àga. Kò fura sí nǹkan kan. Ta ni yóò fura sí arúgbó tó wọ funfun? Ó fi Bíbélì lé e lọ́wọ́. Màmá búra. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní òun ló bí i, ìparí ọdún 1968.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, Màmá?" obìnrin náà béèrè, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó kàn fi ń tọ́jú àgbàlagbà ni.

"Mẹ́ta," ni Màmá wí.

"Kò sí èyí tó kú? Ọlọ́run ṣeun o."

"Kò sí," ni Màmá wí.

Wọ́n fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ yíǹkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó parí. Obìnrin náà fún un ní bébà kó fi nu ọwọ́. Màmá gba bébà náà, ó ká a mọ́wọ́, kò sì nu nǹkan kan.

Bí wọ́n ti dé Alágbàká, oòrùn ti ń yẹ̀ sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì ti ń gbé báàgì wọn sọ̀ kalẹ̀ nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni. Babájídé gbé mọ́tò sábẹ́ igi fúrúùtù, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀, kò ní pẹ́. Ó mú ìwé náà dání, inú rẹ̀ sì ń dùn ní ọ̀nà kan tó ń dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pákó tó ń dán. Ó rí kọ́kọ́rọ́.

Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kìíní nígbà tó gbọ́ tí wọ́n pè é.

"Jídé!"

Kò gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Bí wọ́n ti ń pe ọmọ tó ń sún mọ́ etí kànga ni. Ó sáré padà. Ìyá rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì jáde kúrò nínú mọ́tò, ó di ilẹ̀kùn mú, ojú rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Jídé, báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?"

"Ojú ta ni, Màmá?"

"Láràárọ̀ ni mo máa ń rí i kí n tó lajú tán. Láti ìgbà tí mo ti tẹ ọwọ́ mọ́ ìwé yẹn ni mo ti ń wá a. N ò rí i mọ́, Jídé. Ó ti lọ. Mo ní kò sí èyí tó kú, ó gbọ́, ó ti lọ." Omijé kò sí lójú rẹ̀, ìbá sàn ká ní ó wà. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń sùn. Kìtán ò sí nílé nígbà náà, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ò tíì dáyé. Ìwọ nìkan ló kù tó rí i. Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí?"

"Màmá, mi ò rántí," ó ní, ó sì rò pé òótọ́ lòun ń sọ. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú àpò. Ó mọ̀ pé Adélaní ni.

Ìyá rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Inú ẹnu tó là sílẹ̀ náà ni Babájídé ti rí i, àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú rẹ̀.

"Ó ní èjí," ó ní.

"Ẹ̀n?"

"Ó ní èjí, Màmá. Bíi tiyín. Ó máa ń fi ahọ́n tì í." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, nínú eruku àti ewé fúrúùtù, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. "Ó ní àpá kan nípénpéjú. Ó ṣubú lu odó. Ó gbé fìlà Bàbá dé, fìlà náà bò ó dé àgbọ̀n, ó wá ń rìn káàkiri ilé, ó ń pariwo pé òun ni Bàbá, títí ó fi lọ kọlu odó yẹn. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ sunkún. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí i tí ẹ̀yin sunkún lòun náà tó bẹ̀rẹ̀."

"Mo sunkún," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àní mo sunkún."

"Tí a bá fẹ́ sùn, ó máa ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù mi, lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù. Mo máa ń lù ú nítorí rẹ̀." Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Mo lù ú, Màmá. Ní alẹ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná, ọwọ́ rẹ̀ ò tutù mọ́, mo wá jẹ́ kó fi síbẹ̀."

Fóònù dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Babájídé gbé ojú sókè wo fèrèsé àjà kẹta. Kí n má parọ́ fún yín, àga yẹn ṣì ń wù ú. Bó ti jókòó sílẹ̀ yẹn, pẹ̀lú omi lójú, ó ṣì ń wù ú. Ó rí ẹni kan lójú fèrèsé tó ń juwọ́ sí i pé kó yára. Ìwé náà wà lórí orúnkún rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú láti inú mọ́tò, ó gbé ojú súnmọ́ tirẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọmọ náà ń rí.

"Lọ́jọ́ fìlà yẹn," ó ní, "ẹ ti tó ọmọ ọdún mélòó?"

Ìbéèrè náà kò ní ẹ̀tàn nínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Babájídé mọ ohun tí èsì rẹ̀ yóò ṣe sí ìwé tó wà lórí orúnkún òun. Ó lè sọ pé òun kò rántí. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ sì gbà á gbọ́.

"Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Màmá," ó ní. "Òun jẹ́ ọmọ mẹ́rin."

"Mẹ́rin," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó di ojú, ó sì mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ọmọ mẹ́rin."

Lókè, wọ́n ti ń ti àwọn fèrèsé. Babájídé kò dìde. Ìyá rẹ̀ fi itọ́ díẹ̀ sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu yíǹkì náà sí etí ìró funfun rẹ̀.